Aṣojú Ẹgbẹ́: Iṣẹ́ Ta Ni Ó Ń Jẹ́?

Bí ẹ bá gbéra ní Yaba lónìí, tí ẹ gba Ojúẹlẹ́gba kọjá, tí ẹ sì wọ Mushin, ẹ kò ní rí ohunkóhun lójú ọ̀nà tí yóò sọ fún yín pé ẹ ti kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1954 títí di ọdún 1967, ààlà wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe kékeré. Yaba àti Súrùlérè wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Mushin wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Ará Mushin a máa dìbò yan ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún un ní Ìbàdàn; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó kọ́lé sí Yaba kò ní ẹnì kan níbẹ̀. Kí ló pín ọmọ ìyá méjì báyìí? Ohun púpọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa, nítorí pé ọ̀ràn aṣojú tí ẹgbẹ́ òṣèlú rán níṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọdún 1947. Herbert Macaulay ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú, Dókítà Nnamdi Azikiwe sì ti di olórí ẹgbẹ́ N.C.N.C. Àwọn mẹ́ta ni Èkó rán lọ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún náà: Azikiwe fúnra rẹ̀, Ọmọba Adélékè Adédoyin, àti Dókítà Olórunnimbe. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn mẹ́ta yìí wà lára àwọn méje tí ẹgbẹ́ rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ sọ pé àwọn kò fẹ́ òfin ìṣèlú tí Gómìnà Richards ṣe. Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti bá wọn lọ. Creech Jones, mínísítà tí ó ń mójútó ọ̀ràn àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n padà sílé lọ gbìyànjú òfin náà wò ná. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àjèjì ni àwọn mẹ́ta náà sí ara wọn. Wọ́n ti jọ wọkọ̀ kan náà, wọ́n sì ti jọ jẹ ìyà ọ̀rọ̀ kan náà.

Òfin tuntun tí Gómìnà Macpherson gbé kalẹ̀ dé ní 1951. Ó fi Èkó sínú Ìwọ̀-Oòrùn. Èkó, pẹ̀lú Yaba àti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta nínú rẹ̀, ni láti yan ènìyàn márùn-ún lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn. Nínú àwọn márùn-ún yìí, Ilé ti Ìbàdàn ni yóò wá mú méjì tí yóò lọ sí Ilé Aṣojú fún gbogbo Nàìjíríà. Ẹ sì rántí pé Èkó ni Ilé Aṣojú yẹn máa ń jókòó sí! Ará Èkó tí ó fẹ́ jókòó ní ilé tí ó wà nítòsí ilé ara rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ lọ tọrọ ọ̀nà ní Ìbàdàn.

Nígbà tí wọ́n dìbò ní Èkó ní oṣù kọkànlá 1951, N.C.N.C. kó gbogbo ipò márààrún: Azikiwe, Adédoyin, Olórunnimbe, T.O.S. Benson, àti H.P. Adébọ́lá tí ó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, Action Group, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ni ó pọ̀ jù nínú Ilé nígbà tí wọ́n pàdé ní oṣù kìíní 1952. Ọwọ́ wọn ni yíyan àwọn méjì náà bọ́ sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù fún N.C.N.C.: kí àwọn yòókù yọwọ́, kí Ilé má rí ẹlòmíràn mú ju ẹni tí ẹgbẹ́ fẹ́. Benson yọwọ́. Adébọ́lá yọwọ́. Adédoyin àti Olórunnimbe kò yọwọ́. Ilé dìbò, ó mú àwọn méjèèjì, Azikiwe sì jókòó sí Ìbàdàn.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ó rán Adédoyin àti Olórunnimbe? Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́ ni, wọ́n jẹ̀bi. Bí ẹ bá ní àwọn tí ó dìbò ní Èkó ni, wọ́n lè dáhùn pé àwọn ènìyàn yìí dìbò fún àwọn náà, kì í ṣe fún Azikiwe nìkan. Lójú tèmi, ìdáhùn yẹn kò tó. Orúkọ ẹgbẹ́ ni ó gbé wọn wọlé, wọ́n sì mọ̀ pé ẹgbẹ́ tí ó ń bá tiwọn jà ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Olórunnimbe ni Méyọ̀ Èkó nígbà náà, òun ni ẹni kìíní. Òun náà sì ni ẹni ìkẹyìn, nítorí pé nígbà tí ó fi di 1953, ìwádìí ti dé bá ìgbìmọ̀ ìlú náà, wọ́n sì ti tú u ká. Adédoyin ní tirẹ̀ tún dìde: òun ni ó wà lórí àga Olórí Ilé ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1962 tí wọ́n fi àga ja ara wọn níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ náà ní tiwọn, ó sì yàtọ̀. Ní oṣù kẹta 1953, Anthony Enahoro gbé àbá wá sí Ilé Aṣojú pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà pinnu pé mínísítà kankan kò gbọdọ̀ dá sí i. Àwọn mẹ́rin tí Ìwọ̀-Oòrùn ní níbẹ̀, Bọ́dé Thomas, S.L. Akíntọ́lá, Arthur Prest, àti Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Orúkọ Bọ́dé Thomas yìí ni ẹ ń rí lára títì ní Súrùlérè.

Nígbà tí wọ́n wá jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún náà láti tún òfin ṣe, N.C.N.C. kò fẹ́ kí Èkó wà lábẹ́ Ìbàdàn mọ́. Àwọn ará Òkè Ọya náà kò fẹ́ ẹ, nítorí èbúté. Action Group jà, kò rí i gbà. Láti oṣù kẹwàá 1954, Èkó dá dúró lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Mushin kù sí Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹ má rò pé Mushin nìkan ni ó pàdánù. Ní oṣù kìíní 1955, nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọmọ Mushin wọlé ìwé láìsanwó. Ọmọ Yaba dúró di 1957. Ní ti ilé, ọ̀rọ̀ yí padà: nígbà tí wọ́n wó ilé lulẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti 1955 lọ, Súrùlérè ni ìjọba ti la títì tí ó sì kọ́ ilé fún àwọn tí wọ́n kó kúrò. Ní Mushin, oníkálukú ń kọ́ tirẹ̀ bí ó ti rí i, ẹni tí ó bá sì fẹ́ omi tàbí ọ̀nà gbọ́dọ̀ wá aṣojú tí Ìbàdàn yóò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967 ni Mushin àti Yaba di ọ̀kan nínú Ìpínlẹ̀ Èkó. Àmọ́ àwọn ológun ti fi òfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú láti 1966, kò sì sí aṣojú tí ẹnikẹ́ni lè rán. Ó di ọdún 1979 kí àwọn ará ìlú méjèèjì tó jọ dìbò yan ènìyàn sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan náà.