Àwòrán tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ọkàn dáadáa

Bí àyà bá ń fún èèyàn pinpin tó bá ń gun òkè ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà Àkókó, tó sì ń dẹ̀ tó bá sinmi, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ọkàn tó.

Àyẹ̀wò kan wà fún un. Wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ technetium, tó ní ìtànṣán díẹ̀, nígbà tí ọkàn ń ṣiṣẹ́ kára àti nígbà ìsinmi. Kámẹ́rà á ya méjèèjì. Agbára ìtànṣán náà ń dín sí ìdajì ní wákàtí 6. Ibi tó ṣókùnkùn nígbà iṣẹ́ nìkan, ẹ̀jẹ̀ ni kò tó níbẹ̀. Èyí tó ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀mejèèjì sábà máa ń jẹ́ àpá.

Ẹ̀ka ìṣègùn onítànṣán yìí bẹ̀rẹ̀ ní UCH Ìbàdàn lọ́dún 2006. Àmọ́ bí ìrora náà kò bá lọ lẹ́yìn ìsinmi, ẹ má dúró de àwòrán o, ẹ sáré gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín.