Àkúdàáyà Inú Fídíò: Sinimá Ẹ̀rù Tó Jí Lẹ́yìn Ikú, àti Ewu Tó Wà Lórí Ti Yorùbá

Ó ti lé ní ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti san owó ibodè kẹ́yìn ní Toll Gate Ṣàngó, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta. Ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló fòpin sí gbígba owó náà ní àwọn òpópónà ìjọba àpapọ̀ nígbà tí ọdún 2003 ń parí lọ, tí 2004 ń wọlé bọ̀. Síbẹ̀, títí di òní, Toll Gate náà ni àwọn kọ̀ńdọ́ ń pe ibẹ̀. Èrò tó fẹ́ sọ̀ kì í béèrè ìdí. Ohun tó bí orúkọ ti kú, orúkọ ṣì ń ná ọjà.

Ní ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò àti àwo pẹlẹbẹ tó tẹ̀lé e jọba, irú oríta bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọjà fíìmù. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá ti dé, àwọn ọ̀dọ́ a kó fíìmù Yorùbá sí apá, wọn a máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ní Ọ̀tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbowó oṣù a na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, a ra ọ̀kan tàbí méjì tí ìdílé rẹ̀ yóò wò ní òpin ọ̀sẹ̀. Fíìmù tó dá lórí àjẹ́, òkú àti ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ wà lára èyí tí wọ́n ń rà jù. Kò sì yani lẹ́nu ní agbègbè yìí, nítorí ìtàn Ifá àti ìtàn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í pẹ́ dárúkọ Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì, tí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́yẹ bá délẹ̀.

Ọjà náà ti tú báyìí. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wo fíìmù. Ìbéèrè tó kù nílẹ̀ ni pé, níbo ni àwọn fíìmù ẹ̀rù àkọ́kọ́ Yorùbá wọlẹ̀ sí, ta ló sì ń tọ́jú wọn? Láti dáhùn rẹ̀, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí sinimá kan ní ilẹ̀ òkèèrè.

Yorùbá ní orúkọ fún òkú tó kọ̀ tí kò lọ. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é: ẹni tó kú ní ìlú kan, tó dìde lọ sí ìlú mìíràn, tó ń ṣòwò, tó ń fẹ́yàwó, tó ń bímọ, tí àwọn tó yí i ká kò sì fura. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ nípa ikú rẹ̀ bá yọ sí i lójijì ni àṣírí á tú, tí àkúdàáyà yóò sì pòórá. Ní ọdún 1962, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Herk Harvey, ará ìlú Lawrence ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, gbé sinimá kan jáde tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìtàn àkúdàáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Carnival of Souls ni àkọlé rẹ̀. Sinimá dúdú-òun-funfun ni.

Harvey kì í ṣe gbajúmọ̀ ní Hollywood. Iṣẹ́ oṣù rẹ̀ ni kí ó máa ya fíìmù ẹ̀kọ́ fún àwọn iléèwé àti fíìmù ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn iléeṣẹ́. Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì fi nǹkan bí 30,000 dọ́là ya ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Henry. Ọkọ̀ tí Mary àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wọ̀ já bọ́ sínú odò láti orí afárá. Àwọn ènìyàn wá ọkọ̀ náà títí, wọn kò rí i. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, Mary nìkan ló jáde láti inú omi. Ó kó lọ sí ìpínlẹ̀ Utah, ó sì di ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i: lójú fèrèsé ọkọ̀, nínú dígí, lórí àtẹ̀gùn ilé. Òun nìkan ló ń rí i. Nígbà mìíràn, òun náà a dúró láàárín ọjà, a máa sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kì yóò gbọ́, ẹnikẹ́ni kì yóò sì rí i. Ní ìparí, wọ́n fa ọkọ̀ náà jáde láti inú odò. Òkú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú rẹ̀, ti Mary náà wà níbẹ̀.

Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú sinimá náà, kò sì sí ẹranko abàmì. Ohùn dùùrù, òjìji, àti ojú obìnrin tí kò mọ ohun tó ń ṣe òun ni Harvey fi dẹ́rù bani. Inú ọkàn ni ẹ̀rù náà wà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kà á mọ́ àwọn sinimá tó ń fi ìdààmú ọkàn ṣe ẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ́kọ́ jáde, kò rọ́wọ́ mú. Iléeṣẹ́ tó gbà á láti pín in fún àwọn ilé sinimá dojú dé, owó kò sì dé ọwọ́ Harvey bó ṣe yẹ. Àṣìṣe mìíràn tún wà níbẹ̀: wọn kò kọ ìkìlọ̀ àṣẹ àdàkọ sára àwọn ẹ̀dà tó jáde. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà nígbà náà, iṣẹ́ tí kò bá ní ìkìlọ̀ yẹn lára ti di ti gbogbo ayé. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Night of the Living Dead, sinimá dúdú-òun-funfun tí George Romero ṣe ní ọdún 1968: nígbà tí iléeṣẹ́ tó ń pín in yí àkọlé rẹ̀ padà, ìkìlọ̀ náà já kúrò lára rẹ̀.

Ìpàdánù ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn tó ṣe wọ́n. Síbẹ̀, àṣìṣe yẹn ló gba àwọn sinimá náà lọ́wọ́ ikú. Nítorí pé kò sí ẹni tó lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń fi Carnival of Souls hàn ní ọ̀gànjọ́ òru. Nígbà tí fídíò dé, iléeṣẹ́ kásẹ́ẹ̀tì tó bá fẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Òkú tí wọ́n ti sin ní ilé sinimá wá dìde ní pálọ̀ àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1989, ó padà sí ilé sinimá. Ní ọdún 2000, iléeṣẹ́ Criterion tún un ṣe, wọ́n sì gbé e jáde lórí àwo. Harvey kò ṣe sinimá gígùn mìíràn mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1996, ṣùgbọ́n ó rí i pé iṣẹ́ òun jí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ní ọdún 1976 ni Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí, tí Adé Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love sì kópa nínú rẹ̀, ṣí ọ̀nà fún sinimá gígùn ní èdè Yorùbá. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Hubert Ògúndé, ọmọ bíbí Ọ̀sọ́sà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tó ti ń darí ẹgbẹ́ òṣèré láti àwọn ọdún 1940, gbé Ayé jáde. Ọlá Balógun ló darí èyí náà. Àwọ̀ wà nínú Ayé, kì í ṣe dúdú-òun-funfun, ṣùgbọ́n ìtàn ẹ̀rù ni láti òkè délẹ̀: Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe, kojú àwọn àjẹ́ tó fẹ́ pa ìlú run. Jáyésinmi tẹ̀lé e ní ọdún 1980, Àròpin N'Tènìyàn dé ní 1982, Àyànmọ́ sì jáde ní 1988. Èrò wọ́ lọ wò wọ́n. Àwọn tó wò ó ní ọmọdé nígbà náà ti di ìyá àti bàbá àgbà báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbàgbé òru tí wọn kò lè sùn.

Owó gọbọi ni irú sinimá bẹ́ẹ̀ ń gbà. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ra fíìmù aláìyà, òkè òkun ni wọ́n sì ń rán an lọ fún fífọ̀. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986 sọ náírà di yẹpẹrẹ, iṣẹ́ náà kọjá agbára ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀dà mélòó kan péré ni olóòtú kọ̀ọ̀kan ń ní, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé e káàkiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, tí ojú kì í kúrò lára ríìlì, kí olè má baà dà á kọ.

Inú ìṣòro yìí ni fídíò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣoṣo Méjì tí Adé Ajíbóyè ṣe ní ọdún 1988 àti Ẹkùn tí Muyideen Aromire ṣe ní 1989 wà lára àwọn tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1989 kan náà, Kenneth Nnebue, oníṣòwò ọmọ Igbo, fi owó sílẹ̀ fún Àjẹ́ Ni Ìyá Mi tí Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, I-Show Pepper, ṣe ní èdè Yorùbá. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Nnebue gbé Living in Bondage jáde ní èdè Igbo. Nínú rẹ̀, Andy fi aya rẹ̀ Merit ṣe òògùn owó, òkú Merit sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i níbi tí kò ti lérò, títí orí ọkùnrin náà fi dàrú. Ohun tó ń lé Mary Henry kiri ní Utah kò jìnnà sí ohun tó ń lé Andy kiri ní Èkó. Ẹ̀rí ọkàn kì í béèrè èdè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni ti ẹ̀dà. Ògúndé kú ní ìlú London ní oṣù kẹrin ọdún 1990. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọn kò kó àwọn sinimá rẹ̀ sí ọjà fídíò bí àwọn yòókù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó ti rí bí àwọn olè adàkọ ṣe ń sọ olóòtú di òtòṣì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ayédèrú ń ta lójú pópó kí ojúlówó tó kúrò ní Ìdúmọ̀tà, kò ní fẹ́ fi ogún bàbá rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. A kò gbọdọ̀ dá irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Síbẹ̀, àbájáde rẹ̀ ni pé ọmọ ogún ọdún ní Ṣàngó lè fi fóònù wo sinimá Kansas ọdún 1962 kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò ti ra ẹ̀dà Ayé tó mọ́ kedere.

Sinimá méjèèjì fi ọ̀nà méjì tó lódì síra hàn. Ti Harvey ṣí sílẹ̀ gbayawu: ó yè, ẹni tó ni í kò jèrè. Ti Ògúndé wà ní ìpamọ́: ẹni tó ni í kò pàdánù rẹ̀ fún olè, ṣùgbọ́n ojú ń rí i díẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà kẹta wà. Fífi ẹ̀dà kan sí ilé ìtọ́jú kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú dídà á sí ọjà. Ní ọdún 2016, wọ́n rí ríìlì Shaihu Umar, sinimá èdè Haúsá tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ní ilé àkójọ fíìmù ìjọba àpapọ̀ ní Jos. Wọ́n gbé e lọ sí Jámánì, wọ́n tún un ṣe, ó sì hàn ní àjọ̀dún sinimá Berlin ní ọdún 2018. Ká ní kò sí ẹ̀dà nílé ìtọ́jú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá tún ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìpamọ́ láìsí ìtọ́jú kì í ṣe ẹ̀sọ̀.

Àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Àṣẹ Àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 fún fíìmù ní ààbò 50 ọdún, tí wọ́n ń kà láti ìparí ọdún tí ó jáde. Bí wọ́n bá kà á láti 1976, ààbò lórí Àjàní Ògún yóò parí ní ìparí 2026. Ti Ayé yóò parí ní ìparí 2029. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ lè tẹ̀ wọ́n jáde bí ti Carnival of Souls. Ṣùgbọ́n òmìnira kò wúlò fún fíìmù tó ti jẹrà nínú agolo rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ni wọ́n, àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá àti ilé àkójọ ní Jos jókòó pọ̀ nísinsìnyí, nígbà tí ẹni tó ni í ṣì lè sọ iye tó fẹ́ gbà.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ará ilé pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 jẹ́ pé orí kásẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n wà. Òjò, ooru àti èbu ń ba tẹ́ẹ̀pù inú wọn jẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ tó ń lò wọ́n náà ti ń tán nílẹ̀: ọdún 2016 ni iléeṣẹ́ Funai ní Japan, tó ṣẹ́kù gbẹ̀yìn tó ń ṣe é, ti dáwọ́ dúró. Kásẹ́ẹ̀tì tí òṣìṣẹ́ kan rà lójú fèrèsé ọkọ̀ ní Toll Gate, tí eruku ti bò lábẹ́ ibùsùn báyìí, lè jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀dà díẹ̀ tó kù. Kí ẹni tó bá ní i má ṣe sọ ọ́ sí ààtàn. Kí ó gbé e dúró ní òró níbi tó gbẹ, tó sì tutù. Bí èbu bá ti bò ó, kí ó má ti í bọ inú ẹ̀rọ. Kí ó gbé e lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Àkúdàáyà kò lè dìde níbi tí kò ti sí ara tí yóò gbé wọ̀.