Ìgbìmọ̀ Kékeré Kan ní Lọ́ńdọ̀nù àti Òwú Abẹ́òkúta

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn bí Ìhìnrere ti ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ àwọn òjíṣẹ́ bí Townsend, Gollmer, Hinderer àti Àjàyí Crowther ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà lẹ́yìn wọn tí wọn kò wá gbé àárín wa, tí wọ́n jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù àti sí Manchester, tí wọ́n sì fi ìwé kíkọ, sùúrù àti owó díẹ̀ so ọwọ́ àwọn ará ìlú wọn pọ̀ mọ́ ọwọ́ àwọn ará Ẹ̀gbá. Ìtàn irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkàwé, nítorí pé nínú iṣẹ́ wọn ni a ti lè rí ohun tí í mú kí ìrànlọ́wọ́ láti òkèèrè wúlò, àti ibi tí agbára irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pin sí.

Kí a tó sọ ti ẹgbẹ́ kékeré yìí, ó yẹ kí a rántí ẹgbẹ́ ńlá tí ó ṣíwájú rẹ̀. Thomas Fowell Buxton, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá òwò ẹrú jà ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ ogun nìkan kò lè pa òwò náà run. Ó ní àfi bí àwọn ọba àti ìjòyè Áfíríkà bá rí ohun mìíràn tí wọ́n lè tà, tí èrè rẹ̀ ju èrè orí ènìyàn lọ. Nítorí èyí ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1839, tí a lè pè ní Ẹgbẹ́ Ọ̀làjú Áfíríkà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ọdún 1840, ẹgbẹ́ náà pe àpéjọ ńlá sí Exeter Hall ní Lọ́ńdọ̀nù. Prince Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, ni ó ṣe alága. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gòkè Odò Ọya. Alàgbà Schön àti Àjàyí Crowther wà nínú àwọn tí ó bá wọn lọ. Wọ́n dá oko kan sílẹ̀ níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, ní apá ibi tí Lọ́kọ́jà wà lónìí. Ṣùgbọ́n ibà kọlù wọ́n. Nínú àwọn òyìnbó 145 tí ó lọ, nǹkan bí 130 ni ó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì tó 40 nínú wọn tí ó kú. Oko náà di ìgbẹ́, nígbà tí ó sì di ọdún 1843 a ti tú ẹgbẹ́ náà ká. Ẹgbẹ́ yìí ní ọlá, ó ní owó, ó sì ní ìfẹ́ rere. Ohun tí kò ní ni ojúlùmọ̀ láàárín àwọn tí ó fẹ́ ràn lọ́wọ́.

Ọkùnrin tí ó fi sùúrù ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Alàgbà Henry Venn, ẹni tí ó di akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní ọdún 1841. Ní ọdún 1845, èyí tí í ṣe ọdún tí Buxton kú, Venn pe àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ jọ, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti ṣe ìrànwọ́ kí àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn lè mókè nínú ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò. Kò sí ọmọ ọba tí ó ṣe alága, kò sì sí ọkọ̀ kankan tí í ṣe tiwọn. Ẹgbẹ́ ajíhìnrere ni C.M.S., kò yẹ kí òun fúnra rẹ̀ máa ṣòwò. Nítorí náà ni Venn ṣe ya ìgbìmọ̀ yìí sọ́tọ̀. Olórí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ẹni tí ó ní ohun títà mọ ẹni tí ó ń wá a rà, àti láti mú ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ mọ ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ. Àwọn àgbà wa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ìgbìmọ̀ tí ó mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ wà ni ìgbìmọ̀ yìí.

Ní ọdún 1846 ni Townsend àti Crowther dé Abẹ́òkúta láti máa gbé ibẹ̀, wọ́n sì bá àwọn Sàró tí ó ti ṣíwájú wọn padà wálé láti Sierra Leone. Òwú kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ náà. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti ń gbìn ín, tí àwọn obìnrin ń yọ kóró rẹ̀, tí wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì ń ran án, tí àwọn ahunṣọ sì ń hun ún. Ahunṣọ ni bàbá Crowther fúnra rẹ̀ ní Òṣogùn, kí ogun tó kó ìlú náà ní ọdún 1821. Ohun tí ó ṣòro ni yíyọ kóró. Ọ̀pá irin kékeré ni wọ́n fi ń yí òwú lórí òkúta tàbí pákó títí kóró yóò fi jáde, díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì ń lọ. Òwú tí a ṣe bẹ́ẹ̀ tó fún aṣọ ilé, ṣùgbọ́n kò lè tó fún ilé iṣẹ́ Manchester.

Venn béèrè fún àpẹẹrẹ òwú lọ́wọ́ àwọn òjíṣẹ́, ó sì gbé e fún Thomas Clegg, oníṣòwò òwú kan ní Manchester tí ó jẹ́ ọmọ Ìjọ. Clegg yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ó dára tó èyí tí òun lè rà, ó sì gbà láti máa fi ẹ̀rọ tí ń yọ kóró ránṣẹ́, kí ó sì máa ta òwú tí ó bá ti ilẹ̀ yìí wá. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀ ni, òwò lásán ni à bá pè é. Ṣùgbọ́n Venn fẹ́ kí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí mọ iṣẹ́ náà débi tí wọn kò fi ní dúró de òyìnbó. Nítorí náà ni a ṣe rán Henry Robbin, ọ̀dọ́mọkùnrin Sàró, lọ sí Manchester láti lọ kọ́ bí a ti ń fọ òwú mọ́ àti bí a ti ń dì í. Nígbà tí a sì dá ilé iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, òun àti Samuel Crowther kékeré, ọmọ Àjàyí, ni a fi ṣe olórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń yọ kóró òwú, tí a ń fún un di ìdì, tí a sì ń kó o sínú ọkọ̀ ojú omi lórí Odò Ògùn lọ sí Èkó, kí ó tó gba orí òkun kọjá.

Díẹ̀ ni èso rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́. Ní ọdún 1852, òwú tí Clegg rí gbà kò ju nǹkan bí ìwọ̀n pọ́n-ùn 1,800 lọ. Àwọn ọdún kan wà láàárín tí kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, èyí tí ì bá mú kí ẹlòmíràn pa iṣẹ́ náà tì. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1858 ó ti ju ìwọ̀n pọ́n-ùn 200,000 lọ. Nígbà tí ó fi di ọdún 1861, ẹ̀rọ tí ń yọ kóró tí ó wà ní Abẹ́òkúta ti lé ní 200. Kí ẹ̀yin olùkọ́ fi iye wọ̀nyí han àwọn ọmọ ilé ìwé, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọdún mẹ́fà ni ìgbìmọ̀ náà fi ní sùúrù kí ohun tí ó gbìn tó so.

Ẹ jẹ́ kí a sì kíyèsí èyí: kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni gbogbo àwọn ẹ̀rọ náà. Àwọn ará ìlú fi owó ara wọn ra púpọ̀ nínú wọn. Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ni í gbé. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ kì yóò jẹ́ kí ó dípẹtà, yóò máa béèrè iye tí wọ́n ń ta òwú, yóò sì fẹ́ mọ ẹni tí ó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí, nítorí pé àwọn oníṣòwò ilẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí Clegg tààrà. Ìgbìmọ̀ náà ti la ọ̀nà. Ẹlòmíràn sì ń tọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé òun fà á lọ́wọ́.

Síbẹ̀ kò yẹ kí akọ̀tàn fi apá kan pamọ́ nítorí pé apá kejì dára. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbàgbọ́ pé bí òwú bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹrú yóò máa dín kù. Ní ti títa ènìyàn sókè òkun, òwò tuntun náà ran òpin rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ro oko òwú? Ta ni ó ń ru ẹrù láti oko wá sí ìlú, tí ó sì ń wa ọkọ̀ lọ sí Èkó? Nínú wọn ni àwọn ọmọ onílé àti àwọn ìwọ̀fà wà, ẹrú sì wà nínú wọn pẹ̀lú. Bí owó ti ń wọlé lórí òwú àti epo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́rọ̀ ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ sí i fún iṣẹ́ oko. Àwọn tí ogun kó ni wọ́n sì rí. Iye ìdì òwú tí ó dé Manchester hàn nínú ìwé Clegg. Orúkọ àwọn tí ó rù ú kò hàn níbẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe rere láti òkèèrè máa ń rí ohun tí a bá kọ ránṣẹ́ sí i, ohun tí a kò kọ kì í sì í hàn sí i.

Ohun mìíràn tí agbára ìgbìmọ̀ náà kò ká ni ogun. Ní ọdún 1860 ni ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìbàdàn sì kọjú ìjà sí wọn. Ọ̀nà dí, ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì fi oko sílẹ̀ lọ sójú ogun. Ní ọdún 1861 ni ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà náà bẹ́ sílẹ̀, òwú Amẹ́ríkà kò sì lè jáde mọ́ bí ó ti yẹ. Ebi pa àwọn òṣìṣẹ́ Manchester àti agbègbè rẹ̀, owó òwú sì ga gan-an. Ẹ wo bí ó ti rí: ìgbà tí owó òwú ga jùlọ gan-an ni ọ̀nà Abẹ́òkúta dí. Nígbà tí ogun Amẹ́ríkà sì parí ní ọdún 1865, owó òwú tún wálẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà òwú ni ìgbìmọ̀ náà gbójú lé jùlọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìjà dé láàárín àwọn Ẹ̀gbá àti ìjọba Èkó, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà ní ọdún 1861. Ọ̀rọ̀ ààlà àti owó ibodè wà nínú ohun tí ó fà á. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta: a kó ilé ìsìn àti ilé àwọn òyìnbó, a ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Townsend fi ń tẹ Ìwé Ìròyìn láti ọdún 1859 jẹ́, gbogbo òyìnbó sì jáde kúrò ní ìlú.

Ṣé asán wá ni gbogbo rẹ̀ já sí? Rárá o. Nígbà tí àwọn òyìnbó lọ, àwọn olùṣọ́-àgùtàn tí í ṣe ọmọ Yorùbá ni wọ́n tọ́jú ìjọ tí ó kù. Àwọn Sàró àti àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tí wọ́n ti mọ ìwé kíkọ, ìṣirò àti ọ̀nà òwò òkè òkun kò sì gbàgbé ohun tí wọ́n mọ̀. Nínú wọn ni ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò tí ó lókìkí ní Èkó àti Abẹ́òkúta lẹ́yìn náà ti jáde. Òwú kò sọ Abẹ́òkúta di Manchester, ṣùgbọ́n ohun tí a ti kọ́ ènìyàn, ìfọ́lé kò lè kó o lọ.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké ni ó wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà àti níbòmíràn, tí wọ́n ń so àwọn ọlọ́rẹ ibẹ̀ mọ́ kànga, ilé ìwòsàn, ilé ìwé àti oko ní àárín wa. Àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun sì wà nínú àwọn tí ó dá wọn sílẹ̀. A kò gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn nítorí pé wọ́n kéré. Ṣùgbọ́n kí ìjọ tàbí ilé ìwé kan tó fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ohun mẹ́rin. Ta ni nínú wa tí a óò kọ́ ní iṣẹ́ náà? Kí ni àwa náà yóò dá sí i láti inú àpò wa? Bí ọ̀nà yìí bá dí, ọ̀nà mìíràn wo ni a ní? Èyí tí ó ṣòro jùlọ sì ni pé, ta ni ń ru ẹrù náà tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé tí a ń kọ ránṣẹ́? Venn àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáhùn ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ dáradára. Ogun àti ọjà ni ó bi wọ́n ní ẹ̀kẹta kí wọ́n tó múra sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin kò lè hàn sí wọn láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwa tí a wà nílé ni ó yẹ kí a dáhùn rẹ̀, nítorí pé ojú wa ni ó ṣe.