Èló ni ilé náà? Ìkọ̀sílẹ̀, déètì àti rìsíìtì ní Ìjẹgun-Ẹ̀gbá

Ìtàn ilé ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ ìgbéyàwó tó túká ló mú mi wádìí rẹ̀.

Àbúrò màmá mi àti ọkọ wọn jọ kọ́ ilé sí Ìjẹgun-Ẹ̀gbá, lápá Satellite Town. (Kì í ṣe Ìjẹgun ti Alimosho o.) Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù lọ́dún 2024, ọkọ wọn mú ìwé tí wọ́n fi díyelé ilé náà jáde: mílíọ̀nù 25 náírà. Àǹtí mi wo déètì orí ìwé: 2021! Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí kò tó 500 náírà ní báńkì ti kọjá 1,000 kí 2024 tó dé ìdajì. Sìmẹ́ǹtì náà ò dúró dè wá. Adíyelé tí àǹtí mi mú wá ní mílíọ̀nù 48. Ilé kan náà o.

Kò kàn fẹnu sọ ọ́. Ó béèrè iye tí wọ́n ta irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò, iye tí wọ́n tà á gan-an, kì í ṣe èyí tí éjẹ́ǹtì ń pariwo lórí WhatsApp. Ó ṣírò iye tí wọ́n máa fi kọ́ ọ lónìí, ó yọ ti ogbó ilé kúrò. Ó tún yọ owó nítorí àwọn tàǹkà epo tó ń dí ọ̀nà. Ọkọ àǹtí mi, tó ti ń bú àwọn tàǹkà yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, bá fi wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí! Láti 1975 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ ESVARBON sílẹ̀ láti máa fún àwọn adíyelé níwèé àṣẹ, nítorí náà, ẹ wo sítáǹpù wọn dáadáa.

Ṣùgbọ́n orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀? Ẹ jẹ́ ká yà sí Festac nítòsí ibẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ fún àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC, láti January 15 sí February 12, 1977. Lẹ́yìn náà, ìbò ni wọ́n fi pín àwọn ilé, orúkọ ẹni tó jẹ ìbò ló sì wọ ìwé. Orúkọ kan ṣoṣo. Bá a ṣe ń ra ilẹ̀ títí dòní náà nìyẹn: orúkọ ọkọ àǹtí mi nìkan ló wà lórí tiwọn.

Òfin ìgbéyàwó ọdún 1970, abala 72, fún adájọ́ láṣẹ láti pín dúkìá bó bá ṣe tọ́. Ti ìgbéyàwó kóòtù nìyẹn. Kò kan ti ìbílẹ̀ tàbí ti Mùsùlùmí. Ní 1992, nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu, ọkọ ti ta ilé, ìyàwó ní òun lọ́wọ́ nínú kíkọ́ rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kò ṣàlàyé ohun tó dá sí i tó. Ó pàdánù.

Lọ́yà ka ẹjọ́ yẹn fún wa ní pálọ̀. Àǹtí mi dìde, wọ́n fa làílọ́ọ̀nù dúdú kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: rìsíìtì géètì, ti páànù, ti ẹni tó gbẹ́ kànga. Mo fi fóònù ya gbogbo rẹ̀. Ti sìmẹ́ǹtì ìpìlẹ̀ ni táńwà rẹ̀ ti ṣí. A ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀ mọ́.