Láti Ojú Ìwé sí Ojú Àgbéléwò: Bí Asterix Ṣe Di Sinimá Àwòrán

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìtàn tí tọmọdé tàgbà ti mọ̀ nínú ìwé, nígbà tí a bá gbé e lọ sí ojú àgbéléwò. Kì í ṣe sinimá tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara ń ṣe ni a ní lọ́kàn, bí kò ṣe sinimá àwòrán, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kàtúùnù. Àpẹẹrẹ tí a mú ni ìwé ìtàn alâwòrán Asterix ti ilẹ̀ Faransé. Ìdí tí a fi mú un ni pé inú èdè ni agbára ìwé náà wà. Olùkọ́ èdè, ìbáà ṣe Yorùbá ni ó ń kọ́ tàbí èdè mìíràn, yóò rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni Asterix kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Pilote. René Goscinny ni ó ń kọ ọ̀rọ̀, Albert Uderzo ni ó sì ń ya àwòrán. Ìtàn náà kò ta kókó rárá. Késárì ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Gaul, ó wá ku abúlé kékeré kan létí òkun tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní sìn ín. Panoramix, adáhunṣe abúlé náà, a máa se àgbo kan tí ó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá mu ún, ogun ènìyàn kò lè dá a dúró. Asterix kúrú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Obelix ọ̀rẹ́ rẹ̀ já sínú ìkòkò àgbo nígbà tí ó wà ní kékeré, nítorí náà agbára kò tán lára rẹ̀ mọ́, wọn kì í sì í fún un ní àgbo náà mọ́, bí ó ti wù kí ó bẹ̀bẹ̀ tó. Òkìkí ìtàn yìí kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba Faransé ju sátẹ́láìtì wọn àkọ́kọ́ sí òfuurufú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1965, orúkọ Asterix ni wọ́n sọ ọ́.

Bí a bá ní kí a wo ohun tí ó mú kí àgbà máa ka ìwé ọmọdé yìí, orúkọ ni a ó kọ́kọ́ bá pàdé. Orúkọ gbogbo ọkùnrin abúlé náà ni ó parí sí -ix, nítorí Vercingetorix, jagunjagun tòótọ́ tí ó bá Késárì jà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣíwájú -ix náà ni ẹ̀fẹ̀ wà. Orúkọ olórin abúlé náà, Assurancetourix, ẹni tí ohùn rẹ̀ kò ṣeé gbọ́, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn adójútòfò ń lò fún ìwé ìdójútòfò tí ó kárí gbogbo ewu. Àwa tí a ti bá Kàkó Oníkùmọ̀-Ẹkùn àti Ìmọ̀dòye pàdé nínú ìwé Fágúnwà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa pé orúkọ ẹ̀dá ìtàn lè ṣe iṣẹ́ ojú ìwé mẹ́ta. Èyí kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Goth bá ń sọ̀rọ̀, lẹ́tà àtijọ́ ti ilẹ̀ Jámánì ni Uderzo fi ń kọ ọ̀rọ̀ wọn, tí àwọn ará Íjíbítì bá sì sọ̀rọ̀, àwòrán kéékèèké ni yóò kún ibi tí ọ̀rọ̀ yẹ kí ó wà. Ojú ni ó ń ka ìyàtọ̀ èdè náà, kì í ṣe etí.

Àpẹẹrẹ kan tí a fẹ́ràn wà nínú Asterix àti Cleopatra. Ewì Faransé kan wà tí ìlà rẹ̀ máa ń ní sílébù méjìlá. Alexandrin ni wọ́n ń pè é, orúkọ yìí kan náà ni wọ́n sì ń pe ọmọ ìlú Alẹkisáńdíríà. Nínú ìwé náà, kọ́lékọ́lé kan tí ó ti Alẹkisáńdíríà wá kí Panoramix ní gbólóhùn tí sílébù rẹ̀ jẹ́ méjìlá géérégé. Panoramix kò yà á sí nǹkan kan, ó kàn sọ fún àwọn tí ó wà ní tòsí pé alexandrin ni. Ẹni tí ń kàwé lè padà sẹ́yìn láti ka sílébù náà. Ẹni tí ó jókòó sí ilé sinimá ní 1968 kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀fẹ̀ bá ti kọjá, ó ti kọjá náà nìyẹn.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ṣe fíìmù àkọ́kọ́. Georges Dargaud, ẹni tí ń tẹ ìwé náà jáde, ni ó gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Belvision ní Brussels, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ray Goossens ni ó darí rẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n lò, fíìmù náà sì jáde ní 1967. Ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀rọ̀ náà lọ Goscinny àti Uderzo, àfi ìgbà tí iṣẹ́ parí. Nígbà tí wọ́n rí i, inú wọn kò dùn. Belvision ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn lórí La Serpe d'or, àwọn méjèèjì sì kọ̀ ọ́, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì.

Kí ni ó burú nínú fíìmù 1967 náà? Kì í ṣe pé wọ́n yí ìtàn padà. Wọ́n tẹ̀lé e pẹ́kípẹ́kí, ó sì dà bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti wọlé. Ẹ rántí pé àwòrán 24 ni ń kọjá lójú òǹwòran ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó jẹ́ 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Bí owó kò bá tó, àwọn ayàwòrán a máa mú ẹnu nìkan rìn, ara a sì dúró bí ère. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán Uderzo, bí ó tilẹ̀ dúró sójú kan lórí ìwé, ń fò, ó ń sáré, ọmọ ogun Róòmù ń ti inú bàtà rẹ̀ jáde lọ sókè. Nígbà tí wọ́n mú un rìn tán, ó wá dúró. Ìyẹn jẹ́ ìyanu burúkú.

Ní 1968, Goscinny àti Uderzo fúnra wọn ni wọ́n darí Asterix àti Cleopatra, ní Belvision kan náà. Ìyàtọ̀ hàn gbangba. Wọ́n fi orin sí i, bíi ti Cleopatra nínú omi ìwẹ̀, àti ti àwọn tí ń po májèlé mọ́ àkàrà òyìnbó. Orin wọ̀nyí kò sí nínú ìwé. Àwọn tí ó ni ìwé ni ó kọ́kọ́ fún ara wọn láyè láti ya kúrò nínú rẹ̀, àwọn àlejò ni ó ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án. Ó yẹ kí á ronú sí èyí dáadáa, nítorí àwa olùkọ́ a máa yára láti gbóríyìn fún eré tí kò yọ gbólóhùn kan sílẹ̀ nínú ìwé.

Goscinny ti fẹ́ràn iṣẹ́ Walt Disney láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní 1974, òun, Uderzo àti Dargaud dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Paris, wọ́n sọ ọ́ ní Idéfix, orúkọ ajá Obelix. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde, ní 1976, ni Iṣẹ́ Méjìlá Asterix. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n mú un láti inú rẹ̀. Goscinny àti Pierre Tchernia pẹ̀lú Uderzo hun ìtàn náà fún sinimá ni. Késárì gbé iṣẹ́ méjìlá ka iwájú àwọn ará abúlé, gẹ́gẹ́ bí ti Hercules ayé àtijọ́: bí wọ́n bá ṣe é, òun yóò fi ìjọba sílẹ̀ fún wọn.

Èyí tí a kà sí iṣẹ́ tí ó dára jù lọ nínú méjèèjìlá ni èyí tí kò la ìjà lọ. Wọ́n ní kí Asterix àti Obelix lọ gba ìwé àṣẹ A38 ní Ilé Tí Ń Sọni Di Wèrè. Wọ́n dé ojú fèrèsé kìíní, wọ́n ní fèrèsé kejì ni. Wọ́n dé èkejì, wọ́n ní kí wọ́n lọ mú ìwé aláwọ̀ kan wá láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n gòkè, ẹni tí ó wà níbẹ̀ ń bá ẹnìkejì rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Àgbo kò wúlò níbi yìí, ẹ̀ṣẹ́ Obelix kò wúlò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró rí ní ọ́fíìsì ìjọba láti gba ìwé kan, ní orílẹ̀-èdè yòówù, kò nílò ògbufọ̀. Orí Asterix ni ó gbà wọ́n. Ó lọ béèrè ìwé àṣẹ A39, èyí tí kò sí rárá, ó ní ìwé-òfin tuntun kan ni ó ní kí òun wá gbà á. Kò sí òṣìṣẹ́ tí ó jẹ́ gbà pé òun kò tíì rí òfin náà. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé kan dé èkejì, wọ́n ń rán ara wọn níṣẹ́, wèrè wọ ilé náà, ọ̀gá wọn sì gbé A38 lé Asterix lọ́wọ́ kí ó lè máa lọ.

Kò sí ibi kan nínú fíìmù 1967 tí ó tó èyí. Ìdí rẹ̀ ni pé rírìn ni ó gbé ẹ̀fẹ̀ náà ró: àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn, sísáré sókè sódò. Bí a bá fi sí ojú ìwé, yóò rẹni. Ní ìparí rẹ̀, Késárì fi ìjọba sílẹ̀ lóòótọ́, ohun tí ìwé kankan kò gbọdọ̀ ṣe, nítorí bí Késárì bá lọ, ìtàn tán. Fíìmù náà fúnra rẹ̀ ní kàtúùnù ni èyí, ohun gbogbo ni ó ṣeé ṣe níbẹ̀.

Goscinny kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 1977, ní ọmọ ọdún 51. Ilé-iṣẹ́ Idéfix kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tì í ní 1978.

Àwọn fíìmù tí ó tẹ̀ lé e kò ní gbà wá láyè púpọ̀. Gaumont gbé mẹ́ta jáde láàárín 1985 àti 1989. Ìwé méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ nínú ti 1985, ìtàn Asterix nínú iṣẹ́ ológun àti ìtàn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníjàkadì ní Róòmù, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ sì hàn. Ti 1989 sàn jù: nínú ìwé kan, òkúta bà lé Panoramix, ó sọ iyè nù, nínú ìwé mìíràn, wòlíì èké kan ń jẹ àwọn ará abúlé lówó. Wọ́n fi ti àkọ́kọ́ ṣe ìdí fún ti èkejì, pé nítorí adáhunṣe kò sí ní ipò ni èké fi rí àyè. Èyí mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo sinimá wọ̀nyí nìkan tí a wá bi í nípa ìwé, ìtàn kan ṣoṣo ni yóò sọ níbi tí méjì wà. Àwọn tí ń máàkì ìdánwò lítíréṣọ̀ kò ní pẹ́ mọ ohun tí a ń wí.

Nínú ti 2006, tí wọ́n mú láti inú ìwé àwọn Normand, àwọn jagunjagun tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ ẹ̀rù wá kọ́ ọ, wọ́n sì jí ọmọkùnrin ojo kan gbé kí ó lè kọ́ wọn. Ìyẹn nìkan tó ìtàn. Wọ́n wá fi ọmọbìnrin olóyè àwọn jagunjagun náà kún un, ìfẹ́ sì gba ilé mọ́ ẹ̀fẹ̀ lọ́wọ́. Ó wù àwọn ọmọdé. Kò wù wá. Ti 2014 ni ó ya ni lẹ́nu, èyí tí Alexandre Astier àti Louis Clichy fi kọ̀ǹpútà ṣe láti inú Le Domaine des dieux, ìwé 1971. Késárì kò rán ọmọ ogun wá mọ́; ilé gbígbé ni ó kọ́ yí abúlé ká, ó kó àwọn ará Róòmù wá gbé ibẹ̀. Kíá, àwọn ará abúlé di ọlọ́jà, ẹja gbówó lórí, kálukú ń fẹ́ gbé bí ará Róòmù. Ohun tí idà kò lè ṣe, ọjà ń ṣe é. Astier fi ìdílé Róòmù kan kún un, bàbá, ìyá àti ọmọkùnrin kékeré kan, ṣùgbọ́n ní tiwọn, wọ́n mú kí ọ̀rọ̀ ìwé náà wọra jù ni, nítorí a wá rí ẹni rere láàárín àwọn tí a ń bá jà.

Ìrìn-àjò òdìkejì wà ní ọ̀dọ̀ tiwa. Láti ìparí àwọn ọdún 1960, ìwé ìròyìn Atọ́ka ń mú eré àwọn òṣèré orí ìtàgé Yorùbá, ó ń ya fọ́tò wọn, ó ń fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu lórí ìwé. Ìlù àti orin kò bá wọn dé orí ìwé náà, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà àwọn Goth kò ṣe lè bá Asterix dé etí òǹwòran. Àwọn tí ń ṣe sinimá ní láti wá ohùn dípò lẹ́tà.

Ní ti ohùn, ẹnìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ fún Asterix ní èdè Faransé láti fíìmù 1967 títí dé ti 2014. Roger Carel ni. Ilé-iṣẹ́ ń yí padà, olùdarí ń yí padà, pẹ́ńsù di kọ̀ǹpútà, Obelix gba ohùn tuntun, ohùn Asterix kò yí padà fún ọdún 47. Nígbà tí ó di 2018, tí Astier àti Clichy tún ṣe òmíràn, Christian Clavier ni ó gba ipò rẹ̀, ẹni tí ó ti ṣe Asterix rí nínú sinimá ẹlẹ́ran ara. Uderzo kú ní oṣù Kẹta ọdún 2020, Carel náà sì kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà.