Àlọ́ Tí Kò Purọ́: Ìtàn Ìdíje Àdììtú Ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà wa ní, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Bí a bá fi ara balẹ̀ wo òwe yìí, a ó rí i pé ẹni méjì ni ó kàn. Ó kan ẹni tí ń gbọ́, ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ní òye tí yóò fi parí ohun tí a dá dúró. Ṣùgbọ́n ó kan ẹni tí ń sọ pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí ó sọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ààbọ̀ odidi náà ní tòótọ́. Bí ó bá sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn, kò sí ọmọlúwàbí tí yóò lè sọ ọ́ di odidi láéláé. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni gbogbo ìdíje àlọ́ dúró, ìbáà ṣe ní ojúde ilé wa ní agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ìbáà ṣe nínú ìwé ìròhìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ níhìn-ín fún àǹfààní àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Irú àlọ́ méjì ni àwọn baba wa ní: àlọ́ àpagbè, èyí tí í ṣe ìtàn tí ó ní orin nínú, àti àlọ́ àpamọ̀, èyí tí í ṣe ìbéèrè tí a fi ìdáhùn rẹ̀ pamọ́. Alẹ́ ni wọ́n ń pa wọ́n, nígbà tí iṣẹ́ oko bá parí, nítorí pé àwọn àgbà kì í fẹ́ kí ọmọdé fi ọ̀sán pa àlọ́. Ẹni tí ó fẹ́ pa á a ké pé, "Àlọ́ o!" gbogbo àwùjọ a sì dáhùn pé, "Àlọ̀!" Àpamọ̀ ni ó máa ń ṣáájú, kí ojú àwọn ọmọdé lè là, kí àpagbè tó tẹ̀lé e. Èyí tí ó sọ nípa awẹ́ obì kan ṣoṣo tí a ń jẹ títí a fi dé Ọ̀yọ́, ahọ́n ni. Èyí tí ó sọ nípa òkun àti ọ̀sà tí ń hó, tí ọmọ kan sì ti orí bọ̀ wọ́n, orógùn tí a fi ń ro ọkà ni. Kò sí ọmọ tí kò mọ ahọ́n, kò sì sí èyí tí kò mọ orógùn. Ohun tí a fi pamọ́ kì í ṣe ohun àjèjì. Ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ ni, aṣọ mìíràn ni a kàn fi wọ̀ ọ́.

Kí a kíyèsí i pẹ̀lú pé a kò mọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ pa èyíkéyìí nínú wọn. Àwùjọ ni ó ni wọ́n. Bí ẹnìkan bá mú àlọ́ tuntun wá tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, àwọn tí ó jókòó yóò jiyàn, àlọ́ náà yóò sì kú ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá mu, ọmọ mìíràn yóò gbé e lọ sí agbo mìíràn, yóò gé èyí tí ó gùn jù kúrò, yóò sì fi èyí tí ó dùn kún un. Nítorí náà, ìdíje ni, àjọṣe sì ni pẹ̀lú.

Irú ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn baba wa lò fún ọ̀ràn tí kì í ṣe eré. Kí ìwé tó dé, àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, inú rẹ̀ ni a sì ti rí bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe láti fi ìró ọ̀rọ̀ kan gbé òmíràn. Bí ẹnìkan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tí ó fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó gbà á kì yóò kà á sí owó ọjà. Ẹ̀fà ni mẹ́fà, fífà sì ni iṣẹ́ tí a rán: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, jíjọ sì ni iṣẹ́ náà: èrò tèmi àti tìrẹ jọ.

Àní orúkọ ìlú wa pàápàá jẹ́ ohun tí a lè tú. Ìtàn Àkúrẹ́ sọ pé nígbà tí Aṣọdẹbóyèdé, ọ̀kan nínú ìran Odùduwà, dé ibi tí ìlú náà wà, àkùn wúwo tí ó fi sí ọrùn já, wọ́n sì ké pé àkùn rẹ́. Ní ti Bọ́lọ́rundúró, ìlú tí ó wà láàrin Àkúrẹ́ àti Oǹdó, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó, kò nílò àlàyé gígùn: bá Ọlọ́run dúró ni. Wàyí o, bí a bá sọ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé, "Ìlẹ̀kẹ̀ já: ìlú ọba ni," a ti pa àdììtú pípé fún un. Apá kìíní fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ àkùn rẹ́. Apá kejì sọ irú ohun tí ìdáhùn jẹ́. Bí a bá sì sọ pé, "Ẹni tí ó wà pẹ̀lú Ẹlẹ́dàá kò jókòó: ìlú kan láàrin Àkúrẹ́ àti Oǹdó," ọmọ tí ó bá ronú yóò rí Bọ́lọ́rundúró níbẹ̀, yóò sì mọ̀ dájú pé òun ti rí i, nítorí pé ọ̀nà méjì ni ó gbà dé ibẹ̀.

Ìwé Mímọ́ fi ìdíje kan hàn wá tí ó bàjẹ́, ó sì yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀. Nínú ìwé Àwọn Onídàjọ́, orí kẹrìnlá, Samsoni pa àlọ́ fún ọgbọ̀n ọ̀dọ́mọkùnrin níbi àsè ìgbéyàwó rẹ̀ ní Timna. Ọjọ́ méje ni ó fún wọn, ohun tí wọ́n sì fi ta á ni ọgbọ̀n aṣọ ọ̀gbọ̀ àti ọgbọ̀n ìpààrọ̀ aṣọ. Ṣùgbọ́n àlọ́ náà dá lórí oyin tí òun nìkan rí nínú òkú kìnnìún, ohun tí kò sọ fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀ pàápàá. Bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá ti ronú fún ọdún méje, ọ̀rọ̀ tí ó sọ kò lè mú wọn dé ọ̀dọ̀ kìnnìún yẹn. Nígbà tí ọ̀nà òtítọ́ dí, wọ́n gba ọ̀nà èrú: wọ́n fi iná halẹ̀ mọ́ ìyàwó rẹ̀ títí ó fi yọ ìdáhùn náà lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Òpin rẹ̀ ni pé ọgbọ̀n ọkùnrin kú ní Aṣkeloni, ìgbéyàwó náà sì tú ká. Kò sí onídàjọ́ níbi àsè náà tí ì bá wí fún ọkọ ìyàwó pé, "Èyí kì í ṣe àlọ́, àṣírí ara rẹ ni."

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn ará òkè òkun ti ṣe ètò tiwọn. Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní crossword. A ya àpótí kéékèèké sí ojú ìwé, a sì ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó lọ síwájú ń ṣe alábàápàdé èyí tí ó lọ sí ìsàlẹ̀. Arthur Wynne, ọmọ Liverpool, ni ó kọ́kọ́ tẹ irú rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròhìn New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ọdún 1913. Ìbéèrè gbangba ni a ń bi nígbà náà. Ní England ni wọ́n ti sọ ìbéèrè náà di àdììtú. Ní 1926 Edward Powys Mathers bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún ìwé ìròhìn Observer. Ó sọ ara rẹ̀ ní Torquemada, orúkọ olùṣèwádìí tí ó dá àwọn ènìyàn lóró ní ilẹ̀ Spain nígbà àtijọ́. Nígbà tí ó kú ní 1939, Derrick Somerset Macnutt, olùkọ́ èdè Látìnì àti Gíríìkì ní ilé ẹ̀kọ́ Christ's Hospital, gba iṣẹ́ náà, ó sì yan orúkọ olùṣèwádìí mìíràn, Ximenes.

Olùkọ́ yìí ni ó yẹ kí àwa olùkọ́ kíyèsí jùlọ. Kò fẹ́ kí àwọn tí ń kà á máa dáhùn nìkan títí ayé. Ní àwọn àkókò tí ó yàn, yóò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láìpa àdììtú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti parí ìyókù yóò mọ ọ̀rọ̀ náà, yóò fúnra rẹ̀ pa àdììtú tirẹ̀ fún un, yóò sì fi í ránṣẹ́. Ximenes yóò ka gbogbo wọn, yóò fún àwọn tí ó dára jùlọ ní ẹ̀bùn, yóò sì dárúkọ àwọn tí ó tún yẹ fún ìyìn. Lẹ́yìn náà yóò tẹ ìwé kékeré kan, nínú èyí tí ó ń sọ ìdí tí èyí fi borí àti ibi tí òmíràn ti kù díẹ̀ káàtó. Nípa ìwé kékeré yìí, àwọn tí kò rí ara wọn rí di ẹgbẹ́ kan. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni a fi ń kọ́ wọn. Ní 1966 ó kó ìlànà rẹ̀ jọ sínú ìwé kan, ó sì kú ní 1971. Ní 1972 Jonathan Crowther gba ipò rẹ̀ ní abẹ́ orúkọ Azed, ó sì mú ìdíje náà tẹ̀síwájú fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Lọ́dọ̀ àlùfáà Áńgílíkà kan ni wọ́n ti rí gbólóhùn tí ó di òfin wọn. A. F. Ritchie, olórí ilé ẹ̀kọ́ Kàtídírà ti Wells, tí ń jẹ́ Afrit nínú eré yìí, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1949. Kókó rẹ̀ ni pé apààlọ́ lómìnira láti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí ohun mìíràn lójú ẹni tí ó bá kà á ní wàrà-wàrà. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó ní lọ́kàn láìṣẹ́kù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè fi ara pamọ́, kò gbọdọ̀ purọ́. Àwọn ará ilé wa tí ń jiyàn lórí àlọ́ ní alẹ́ kò kà nípa Afrit, síbẹ̀ òfin kan náà ni wọ́n ń lò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé eré ọmọdé lásán ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 1942, nígbà ogun, ìwé ìròhìn Daily Telegraph pe àwọn tí ó lè parí eré náà láàrin ìṣẹ́jú 12 wá síbi ìdánwò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba pe díẹ̀ nínú wọn ní ìkọ̀kọ̀ sí Bletchley Park, níbi tí a ti ń tú ìwé àṣírí àwọn ọ̀tá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013 ẹ̀wẹ̀, John Graham, àlùfáà Áńgílíkà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Araucaria nínú ìwé ìròhìn Guardian, fi àdììtú sọ fún àwọn tí ń kà á pé àrùn jẹjẹrẹ ń ṣe òun. Àwọn tí ó ti gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ tú u, wọ́n sì mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ó kú ní ọdún náà gan-an.

Ǹjẹ́ èdè wa lè gba irú eré bẹ́ẹ̀? Ó gbà á dáradára, bí a bá bọ̀wọ̀ fún ìwà rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ará CMS ti péjọ ní Èkó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá ni ọ̀ràn àmì ti gba ìrònú. Lẹ́tà 25 ni a ní, gb sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nítorí náà àpótí kan ṣoṣo ni ó yẹ gb. Ẹ, ọ àti ṣ kò gbọdọ̀ pàdánù àmì ìsàlẹ̀ wọn, nítorí pé lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àmì ohùn kò lè wọ inú àpótí, nítorí pé ọ inú ọkọ́ lè pàdé ọ inú ọkọ̀. Inú àdììtú ni ohùn gbọdọ̀ wà: níbẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ àgbẹ̀, tàbí ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ tí ó bá pa àdììtú fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì yóò ṣì wọ́n kọ mọ́.

Nítorí náà a dá a lábàá fún àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù. Kí olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ kan sí ojú pátákó. Kí àwọn ọmọ pín ara wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pa àdììtú kan, kí wọ́n má sì kọ orúkọ sí i, kí ojúsàájú má bàa wọlé. Bí a bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, kí gbogbo kíláàsì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni? Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ó ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe? Ṣé ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó bá a mu? Kí a yan èyí tí ó dára jùlọ, kí gbogbo wọn jùmọ̀ tún un ṣe, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé kíláàsì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ kò tíì parí níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà sí èyí tí kò borí, kí ó sọ ibi tí ó dára àti ibi tí ó kù sí. Ọmọ tí a kò sọ ìdí tí ó fi pàdánù fún yóò rò pé a rẹ́ òun jẹ ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìfẹ́ èrú ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, olùkọ́ ni ó sábà máa ń béèrè, ọmọ ni ó sì ń dáhùn. Ẹni tí ó ń dáhùn nìkan lè mọ̀ ọ́n dáhùn dáadáa, síbẹ̀ kí ó má mọ ohun tí ó ná ẹni tí ó béèrè. Ní ọjọ́ tí òun náà bá pa àlọ́, yóò mọ̀ pé ìdánwò náà wà lórí òun pẹ̀lú. Olúwa wa pa òwe púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí ó sì ku òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó tú wọn palẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa àlọ́ fún ọmọnìkejì rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bí òun yóò ti tú u ní gbangba láìtijú.