Tẹlifíṣọ̀n Oníṣòwò láti Ojú Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ka ọdún 1992 sí ìbẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n oníṣòwò ní Nàìjíríà, ìyẹn irú iléeṣẹ́ tó jẹ́ pé owó ìpolówó ọjà ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, nítorí pé ọdún náà ni òfin ìjọba ológun dá àjọ NBC tó ń fún iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní ìwé-àṣẹ sílẹ̀, tó sì gba aládàáni láàyè láti dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, tí í ṣe ara ẹkùn Ìjẹ̀bú nígbà náà, ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní 1953, Gómìnà Macpherson bá ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀ wí lórí rédíò ìjọba. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láàyè láti fèsì, wọn kò gbà. Ìbínú ọjọ́ yẹn wà lára ohun tó bí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959. Ṣùgbọ́n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Awólọ́wọ̀ ń darí nígbà náà, nìkan kọ́ ló dá a sílẹ̀: Overseas Rediffusion, iléeṣẹ́ oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá wọn dówó pọ̀, èrè ló sì ń wá. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìjọba fi ra ìpín àwọn òyìnbó náà, tí iléeṣẹ́ sì di tirẹ̀ pátápátá.

Àárín Èkó àti Ìbàdàn ni Ìjẹ̀bú-Òde wà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1962, orísun àwòrán di méjì. Érìálì, ìyẹn irin tí ń gba àwòrán láti inú afẹ́fẹ́, ni wọ́n ń so mọ́ orí ọ̀pá gígùn lẹ́yìn ilé. Ẹnì kan á máa yí ọ̀pá kó lè kọjú sí Èkó tàbí Ìbàdàn, àwọn tó jókòó nínú ilé á sì máa pariwo sí i pé kó dúró, ó ti mọ́, tàbí kó tún yí i díẹ̀ sí i.

Ewu tó wà nínú kó jẹ́ ìjọba nìkan ló ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n hàn kedere ní 1964, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eléré Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ̀sà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí eré *Yorùbá Ronú*. Ẹni tí ìjọba bá lé kúrò lórí ìtàgé kò lè retí ojúrere lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba kan náà. Bẹ́ẹ̀ ohun tí Awólọ́wọ̀ ń sá fún ní 1953 gan-an nìyẹn! Ní 1977, òfin ológun tún kó gbogbo iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sábẹ́ NTA, àjọ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀.

Àwọn aládàáni tó wá lẹ́yìn 1992, bíi Channels ní 1995 àti AIT ní 1996, fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè iṣẹ́, torí gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n fẹ́ tajà fún. Ó di 2010 kí MultiChoice, iléeṣẹ́ Gúúsù Áfíríkà, tó gbé ìkànnì Africa Magic Yoruba jáde, níbi tí eré Yorùbá ti ń lọ tọ̀sán-tòru, tó sì jẹ́ pé ẹni tó bá san àsansílẹ̀ owó nìkan ló lè wò ó.